Ọjọ́ Tí Fóònù Ojú Sánmà Dé Bediakokrom

Bí ẹ bá dé Alabar ní Kumasi láyé ìgbà yẹn, tí ẹ béèrè Ojúọlápé, ohun tí wọ́n á kọ́kọ́ bi yín ni pé, "Ṣé ọjà lẹ fẹ́ rà ni, àbí ẹ fẹ́ rán an níṣẹ́?" Nítorí ẹnu obìnrin náà lókìkí ju ọjà rẹ̀ lọ, ọjà rẹ̀ kò sì kéré. Ọṣẹ, kẹrosíìnì, bátìrì tọ́ọ̀ṣì, ìṣáná, abọ́ tánganran, oògùn ẹ̀fọ́rí, gbogbo ohun tí àwọn àgbẹ̀ kòkó kì í rí rà nínú igbó ló ń kó sẹ́yìn ọkọ̀ Bẹ́dífọ́ọ̀dù lọ bá wọn. Ìnísà ni bàbá rẹ̀ ti wá, Kumasi ni wọ́n bí i sí. Ó ń sọ Yorùbá bí ará Ìnísà, ó ń sọ Twi bí ẹni tí ìyá Àṣáńtì fún lọ́mú, bí ìjà bá sì dé pẹ̀lú Haúsá, á fi Haúsá gbà á. Ọdún tí ìjọba ní kí àlejò máa lọ sí ìlú baba wọn, òun náà di ẹrù rẹ̀, ó lọ sí Ìnísà. Kò pẹ́ tó fi padà. Ó ní wọ́n tọ́jú òun dáadáa níbẹ̀, àmọ́ òun ò rẹ́ni bá jiyàn ní Twi.

Nínú gbogbo abúlé tó ń ná, Bediakokrom ló jìnnà jù. Ọkọ̀ kì í débẹ̀. Etí odò kan ni ọ̀nà ti máa ń tán, ibẹ̀ lèèyàn á ti sọ̀ kalẹ̀, á ru ẹrù rẹ̀, á sì fẹsẹ̀ rìn. Ilé ìfìwéránṣẹ́ kò sí níbẹ̀. Tẹlifóònù ńkọ́? Ẹ dákẹ́ jàre! Orí igi ni gbogbo ẹyẹ Bediakokrom ń bà lé, kò sí èyí tó tíì fojú kan wáyà rí. Torí náà, ẹni tó bá fẹ́ bá èèyàn rẹ̀ ní Kumasi sọ̀rọ̀, Ojúọlápé ni á rán. "Sọ fún ọmọ mi kó fi oògùn ojú ránṣẹ́." "Bá mi bi àna mi pé ṣé ó gbàgbé wa ni?" Á kó gbogbo rẹ̀ sórí, kò ní gbàgbé ẹyọ kan. "Màámè Alátà" ni wọ́n ń pè é, nítorí Alátà ni àwọn ará ibẹ̀ ń pe àwa ọmọ Yorùbá.

Ohun kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Kì í jíṣẹ́ bí wọ́n ṣe rán an. Bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́ yẹn ní kékeré, pé bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à fi t'ọmọ jẹ́ ẹ. Ẹlòmíràn á gbọ́ òwe yìí, á mi orí, á sì gbàgbé. Ojúọlápé fi ọ̀rọ̀ náà ṣòwò ni. Bí èébú bá gba ẹnu rẹ̀ kọjá, ìkíni ló máa ń dà kó tó dé òdì kejì.

Àwọn tó sì dá a lágara jù lọ lórí ọ̀rọ̀ yìí ni Wọ́fà Kwaku àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Màámè Yaa. Wọ́fà ni Àṣáńtì ń pe arákùnrin ìyá ẹni, gbogbo Bediakokrom ló sì ń pe bàbá àgbẹ̀ náà bẹ́ẹ̀, torí òun ni àgbà wọn. Màámè Yaa ń bẹ ní Kumasi, ní Anloga Junction, níbi tó ti ń se ìrẹsì ẹlẹ́wà tí wọ́n ń pè ní waakye fún àwọn káfíńtà. Láti ìgbà tí ìyá wọn ti kú ni wọn kò ti fojú kan ara wọn mọ́. Bí Yaa bá fẹ́ ránṣẹ́, bó ṣe máa bẹ̀rẹ̀ nìyí: "Sọ fún ẹni tí kò wá sin ìyá rẹ̀ pé..." Bí Kwaku bá fẹ́ fèsì, á ní: "Sọ fún ẹni tó sin ìyá mi lẹ́yìn mi pé..." Ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí ni Ojúọlápé kọ́kọ́ máa ń gé dànù, bí ẹni ń bó èèpo iṣu. Ìyókù ló máa ń wá fi epo àti iyọ̀ sí.

Ọdún 1983 ni epo àti iyọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀, ọdún tí iná jó igbó, tí ebi pa wá títí egungun ọrùn wa fi yọ síta, tí a sì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹ̀gbà ọrùn la wọ̀. Màámè Yaa ní kí Ojúọlápé sọ fún ẹni tí kò wá sin ìyá rẹ̀ pé ìyá náà ló tinábọ oko rẹ̀. Ojúọlápé gbé iṣẹ́ yìí dé Bediakokrom, ó bá Wọ́fà Kwaku tó jókòó sórí eérú kòkó rẹ̀, ó ti rù kan egungun. Ojúọlápé tú ẹrù ara rẹ̀, ó bu gàrí síwájú ọkùnrin náà, ó ní:

"Wọ́fà, Màámè Yaa kí yín o. Ó ní kí ẹ mọ́kàn le. Ó ní kí n fún yín ní gàrí yìí."

Wọ́fà wo gàrí náà títí. Ó ní, "Sọ fún ẹni tó sin ìyá mi lẹ́yìn mi pé gàrí rẹ̀ kan bí ìwà rẹ̀."

Ojúọlápé padà sí Kumasi, ó ní, "Màámè Yaa, Wọ́fà ní gàrí yẹn dùn. Ó ní Ọlọ́run á san án fún yín."

"Gàrí wo?"

"Gàrí tí ẹ fi ránṣẹ́."

Màámè Yaa padà sídìí ìkòkò rẹ̀. Nígbà tí Ojúọlápé tún ń lọ, ìyá náà gbé àpò kékeré kan lé e lọ́wọ́, kò sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Gàrí ni.

Bó ṣe di àṣà nìyẹn. Kwaku á ní kí wọ́n sọ fún Yaa pé iṣu tó fi ránṣẹ́, ewúrẹ́ òun gan-an ò jẹ ẹ́. Yaa á gbọ́ pé iṣu náà dùn débi pé ewúrẹ́ ń bẹ̀bẹ̀. Yaa á ní aṣọ tí Kwaku fi ránṣẹ́, òun ti fi nu ìkòkò. Kwaku á gbọ́ pé òun ni Yaa máa ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tó sì jẹ́ pé gbangba ni Ojúọlápé ti ń jíṣẹ́, tí gbogbo abúlé á pé jọ gbọ́ ọ, Kwaku àti Yaa wá di àwòkọ́ṣe. Àwọn ìyá a máa bá àwọn ọmọ wọn wí pé, "Ẹ ò ṣe fẹ́ràn ara yín bíi Wọ́fà àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀?" Ojúọlápé á gbọ́ ọ, á gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ọdún 1999 ni Theophilus dé. Ọmọ wa ni, inú ìjọ Onítẹ̀bọmi ni wọ́n ti tọ́ ọ ní Kumasi, ṣùgbọ́n Accra ló ti ń ṣiṣẹ́ báyìí. Ó bá Ojúọlápé ní Alabar, ó dọ̀bálẹ̀ àbọ̀, torí táì ọrùn rẹ̀.

"Àńtí Ojú, ẹ kú ọjà o. Ilé iṣẹ́ wa fẹ́ mú fóònù kan wá. Kò ní wáyà, kò ní òpó. Irin tí wọ́n gbé sójú sánmà ló ń bá sọ̀rọ̀. Inú igbó tí ò ní nǹkan kan, ó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Àwọn ọ̀gá mi wá fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn ará oko á fẹ́ ẹ. Gbogbo ẹni tí mo bi ló ní ẹ̀yin lẹ mọ ọ̀nà."

"Irú ìbéèrè wo nìyẹn?" Ojúọlápé ti dáhùn kó tó ronú. "Ta ni kì í fẹ́ bá èèyàn rẹ̀ sọ̀rọ̀? Wọ́n á fẹ́ ẹ!"

Òun fúnra rẹ̀ ló mú Theophilus dé Bediakokrom. Abẹ́ igi àràbà ńlá tó wà láàárín ìlú ni wọ́n jókòó sí, níbi tí wọ́n ti ń sọ gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá ní láárí. Theophilus ṣàlàyé títí, àwọn ará abúlé sì bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè. Bàbá kan ní ṣé fóònù náà lè gbé iṣu. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Akua ní, "Bí mo bá pe ọmọ mi, tó bá kọ̀ tí kò gbé e ńkọ́? Ẹnu ọ̀nà ọmọ yẹn ni Màámè Alátà máa ń jókòó sí títí á fi jáde." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Theophilus ní ó dáa, òun á gbé ẹ̀rọ náà wá ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ kí wọ́n fojú ara wọn rí i. Bí inú wọn bá dùn sí i, òun á bá àwọn ọ̀gá òun sọ ọ́. Ta ló máa dán an wò?

"Wọ́fà Kwaku!" Ẹnu kan ni gbogbo abúlé fi pè é. "Kí Wọ́fà pe Màámè Yaa! Ta ló fẹ́ràn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó Wọ́fà nílẹ̀ yìí?"

Wọ́fà Kwaku yíjú wo Ojúọlápé. Ó ní, "Ó dára."

Ìgbà yẹn ni ohun tó fọwọ́ ara rẹ̀ fà ṣẹ̀ṣẹ̀ yé Ojúọlápé. Bí àwọn méjèèjì bá gbọ́ ohùn ara wọn, wọ́n á bi ara wọn nípa iṣu àti ewúrẹ́, nípa aṣọ àti ìkòkò. Gbogbo abúlé á mọ̀ pé irọ́ ló ti ń pa fún wọn ní gbogbo ọdún wọ̀nyí. Ta ló máa tún fi ọ̀rọ̀ lé e lọ́wọ́? Ta ló máa ra ọṣẹ lọ́wọ́ òpùrọ́? Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Ọjọ́ náà sì ti dé: Ọjọ́bọ̀ ni.

Ó lọ sọ fún Màámè Yaa ní Anloga Junction. Ṣọ́ọ̀bù káfíńtà kan wà níbẹ̀ tó ní tẹlifóònù, onítọ̀hún sì ti gbà kí ìyá náà wá jókòó tì í. Màámè Yaa ń bu waakye lọ́wọ́, kò gbójú sókè.

"Ṣé ohùn Kwaku gan-an ni n ó gbọ́? Tẹnu rẹ̀?"

"Tẹnu rẹ̀ gan-an, Màámè."

"Ó dára. Ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú mi."

Oúnjẹ kò lọ lẹ́nu Ojúọlápé mọ́. Jímọ̀h ọkọ rẹ̀, tó ń tún ọkọ̀ ṣe ní Suame Magazine, rẹ́rìn-ín títí. Ó ní, "Èmi náà, bí irin bá wọ́, mo máa ń lù ú títí á fi tọ́. Ṣé wọ́n ń pè mí ní òpùrọ́ ni?" Ojúọlápé ní irin kì í bá irin sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Jímọ̀h ní òótọ́ ni, ó bá fi abọ́ tirẹ̀ sílẹ̀, ó sì jẹ tìyàwó rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀ dé. Àga ti kún abẹ́ igi àràbà. Àwọn àgbà ró aṣọ, àwọn ìyá gbé ọmọ pọ̀n, ẹni tó ń ṣàìsàn gan-an jáde. Theophilus yọ ẹ̀rọ náà nínú àpò. Ó nípọn bíi búlọ́ọ̀kù, ó sì ní ọ̀pá gbọọrọ kan tí wọ́n ń nà sókè. Ó tẹ̀ ẹ́, ó fi sétí. Kò sí nǹkan kan. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, òógùn bò ó. Ẹ̀rọ dákẹ́ lọ gbári.

Ojúọlápé ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run nínú ikùn rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó gbàgbé ara rẹ̀, ó dìde, ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Irin òyìnbó kúkú ni. Ẹ jẹ́ ká lọ jẹun." Àwọn kan sì ti ń di aṣọ wọn mú láti dìde.

Àfi bí Theophilus ṣe gbójú sókè. Ewé ló rí. Igi àràbà yẹn gbòòrò, kò jẹ́ kí ojú sánmà hàn rárá. Ó fọwọ́ lu orí. "Awurade, Olúwa mi! Ibòji ni kò jẹ́! Ẹ̀rọ yìí gbọ́dọ̀ rí sánmà. Ẹ jẹ́ ká bọ́ sínú oòrùn."

Ariwo bá sọ. Ẹ gbọ́, kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré o! Abẹ́ igi yẹn ni bàbá wọn ti ń sọ̀rọ̀, ibẹ̀ ni bàbá bàbá wọn náà ti sọ tiwọn. Àgbà wo ló ń dúró sínú oòrùn bí alágbàṣe láti sọ ọ̀rọ̀ pàtàkì? Àwọn kan ní kí wọ́n gbé ẹ̀rọ náà nìkan sínú oòrùn, kí Wọ́fà máa pariwo sí i láti abẹ́ igi. Ojúọlápé gbè sẹ́yìn wọn kíákíá: "Ẹ má fi ìyà jẹ àgbàlagbà o! Oòrùn yìí mú!"

Wọ́fà Kwaku fọwọ́ lé ọ̀pá rẹ̀, ó dìde. "Kòkó mi wà nínú oòrùn láti àárọ̀," ó wí, "kò sì tíì kú." Ó rìn lọ sí pápá tí wọ́n ti ń sá kòkó, láàárín àwọn ẹní oparun tí wọ́n tẹ́ sókè, níbi tí igi kankan kò sí. Gbogbo abúlé tẹ̀ lé e. Theophilus tẹ ẹ̀rọ, ẹ̀rọ sì dún.

Ó gbé e sétí Wọ́fà. Màámè Yaa kò mọ̀ ọ́n sọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ohùn rẹ̀ jáde láti inú ẹ̀rọ náà, gbogbo ẹni tó dúró nítòsí gbọ́ ọ.

"Kwaku!"

"Yaa."

Ẹ má bínú pé kò pè é ní ẹ̀gbọ́n o. Àwọn Àṣáńtì kì í fi "ẹ" kí àgbà bíi tiwa, "ìwọ" ni gbogbo wọn. Ojúọlápé dijú.

"Ẹni tí kò wá sin ìyá rẹ̀," Yaa bẹ̀rẹ̀.

"Ẹni tó sin ìyá mi lẹ́yìn mi," Kwaku náà ti bẹ̀rẹ̀, torí ohùn máa ń pẹ́ kó tó lọ sójú sánmà kó tó padà, ọ̀rọ̀ méjèèjì sì pàdé ara wọn lọ́nà.

Yaa ló kọ́kọ́ tún sọ̀rọ̀.

"Kí lo wí?"

"Ìwọ, kí lo wí?"

"Mo ní o ò wá. Ọjọ́ tí ìyá kú gan-an, Ọjọ́rú, ni mo ránṣẹ́ sí ọ. Awakọ̀ agégẹdú kan ni mo rán. A dúró dè ọ́ títí di Sátidé, àwọn ẹbí ní àwọn ò lè dúró mọ́."

Wọ́fà Kwaku dá a lóhùn. "Yaa, Ọjọ́ Ajé ni ọ̀rọ̀ náà tó mi létí. Mo fẹsẹ̀ rìn dé odò, odò ti kún. Nígbà tí mo fi máa dé, ilẹ̀ ti gbẹ lórí ibojì. Mo rò pé ìwọ lo ní kí wọ́n má dúró dè mí, mo bá padà láì yà lọ́dọ̀ rẹ."

"Èmi? Kwaku, èmi?" Wọ́n gbọ́ bí ìyá náà ṣe bú sẹ́kún, láti Anloga Junction, láàárín àwọn káfíńtà. Kwaku pẹ̀lú ń sunkún, kò fi bò. Àwọn obìnrin kan náà ti ń nu ojú. Theophilus di ẹ̀rọ mú ṣinṣin, ó wo òkè.

Nígbà tó yá, Yaa fọn imú rẹ̀ sétí gbogbo abúlé, ó ní, "Ṣé orí rẹ ṣì tóbi bí ìkòkò waakye mi?"

Wọ́fà Kwaku bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ọ̀pá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹ gbọ́! Yaa nìyẹn! Yaa, ẹni tó ti ń kí mi látọjọ́ yìí, tó ń pè mí ní àbúrò mi ọ̀wọ́n, mo mọ̀ pé ìwọ kọ́."

"Èmi náà mọ̀! Ọjọ́ tí wọ́n ní o dúpẹ́ gàrí ni mo ti mọ̀. Ìwọ, Kwaku, dúpẹ́?"

Gbogbo orí yí sí Ojúọlápé. Ó jókòó sórí kòkó ẹlòmíràn. Kò rò ti iṣu àti ewúrẹ́ mọ́. Ohun tó ń dùn ún ju ìyẹn lọ.

"Wọ́fà," ó wí, "ẹ foríjì mí. Ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yín ni mo máa ń gé. Mo rò pé èèpo ni. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà."

Wọ́fà Kwaku dá ẹ̀rín dúró. Ó wò ó.

"Bí o bá ti jẹ́ iṣẹ́ yẹn bó ṣe rí lọ́dún iná," ó wí, "n kì bá tí gba gàrí. Bí n kò bá gba gàrí, ohùn Yaa wo ni n bá wà láyé gbọ́ lónìí? Dìde lórí kòkó Akua."

Akua ní kó jókòó síbẹ̀, kòkó náà kò sọ nǹkan kan. Ẹ̀rín tún sọ.

Theophilus nu ojú, ó rántí iṣẹ́ tí wọ́n rán an. "Wọ́fà, kí ni kí n sọ fún àwọn ọ̀gá mi? Ṣé ẹ fẹ́ ẹ?"

"Sọ fún wọn pé bí nǹkan yìí bá ti wà níbí nígbà yẹn, èmi ni n bá sin ìyá mi. Kí wọ́n gbé e wá." Ó gba ọ̀pá rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá a he é. "Ọjọ́ tí inú mi bá dùn, n ó fi pe Yaa. Ọjọ́ tí inú bá bí mi, Màámè Alátà ni n ó rán."

Theophilus gbé ọ̀rọ̀ náà dé Accra. Wọ́n ní ó dára, wọ́n ní kò burú, wọ́n ní àwọn á ronú sí i. Ọdún náà parí, wọn kò tíì ronú tán. Àmọ́ kò dí Wọ́fà Kwaku lọ́wọ́: lẹ́yìn tó sá kòkó rẹ̀ tán, ó wọ Bẹ́dífọ́ọ̀dù pẹ̀lú Ojúọlápé, ó lọ sí Kumasi, ó sì lò tó ọ̀sẹ̀ kan lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Wọ́n jọ lọ síbi ibojì ìyá wọn. Wọ́n jọ jẹun. Wọ́n sì jọ jà, torí pé ẹ̀jẹ̀ kan náà ni wọ́n.

Ojúọlápé tún ná Bediakokrom lẹ́yìn ìyẹn. Bí Wọ́fà ṣe rí i báyìí, ó ní, "Sọ fún Yaa pé iyọ̀ inú waakye rẹ̀ pọ̀ jù, inú ti ń run mí láti Kumasi." Ojúọlápé gbé e lọ sí Anloga Junction. Ó ti kọ́gbọ́n. Ó ti pinnu lójú ọ̀nà pé òun ò ní gé nǹkan kan kù mọ́, òun ò sì ní fi epo sí i. Ó dúró ṣinṣin níwájú ìyá náà, ó ní, "Màámè Yaa, Wọ́fà ní kí n sọ fún yín, bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́ sì ni n ó ṣe sọ ọ́, pé iyọ̀..."

Màámè Yaa na ṣíbí ìbuwaakye sí i. "Dúró! Ta ló ní kí o sọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́? Èyí tó sọ, mo ti mọ̀ ọ́n. Jókòó. Sọ ọ́ bí o ṣe máa ń sọ ọ́."

Ojúọlápé wò ó bóyá ó ń ṣe yẹ̀yẹ́. Kò ṣe yẹ̀yẹ́. Ó fa àpótí kan, ó jókòó, ó tún gèlè rẹ̀ wé.

"Wọ́fà kí yín o," ó wí. "Ó ní láti ìgbà tí òun ti jẹ oúnjẹ yín, kò sí oúnjẹ mìíràn tó bá òun lára mu mọ́."